Wọ́n fẹ títì wa, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tún padà dé

Ọmọ Títì:
Nígbà tí wọ́n ń fẹ títì iwájú ilé wa, mo wà lára àwọn tó ń dúpẹ́. Ọkọ̀ méjì-méjì ló ń gbà á tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́rin-mẹ́rin. Fún oṣù mélòó kan, ara tù wá. Kò pé ọdún méjì tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fi padà dé, ó tiẹ̀ tún gùn ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn tó ti sá fún ọ̀nà náà padà wá, àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì ra mọ́tò, ilé tuntun sì ń hù lópin títì bí olú.

Èyí tó dùn mí jù ni ti màmá mi. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń sọdá. Ní báyìí, iná ẹlẹ́sẹ̀ á ti di pupa kí wọ́n tó dé àárín. Wọn á dúró sórí pèpéle tóóró tó wà láàárín títì, wọn á di irin mú, atẹ́gùn ọkọ̀ ńlá á máa fẹ́ aṣọ wọn.

Bàbá Bọ́ọ̀sì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n fẹ márosẹ̀ Katy ní Houston, l'Amẹ́ríkà, títí ó fi tó ìlà ọkọ̀ 26 níbì kan. 2008 ni wọ́n parí ẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ìrìnàjò ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ tún pẹ́ sí i. Láti 1962 ni Anthony Downs, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, ti ń kọ ọ́ pé títì tó bá dẹrùn ló ń pe ọkọ̀.

Bọ́ọ̀sì lèmi ń wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún wa, èpè làwọn onímọ́tò ń ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọgọ́ta èèyàn ló wà lẹ́yìn mi, àwọn sì rèé, ẹnì kan nínú ọkọ̀ kan! Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún wa ò ju ọkọ̀ ẹyọ kan lọ. Ẹnì kan á páàkì sínú ìlà wa, á tan iná ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á ní "ìṣẹ́jú kan péré ni." Bọ́ọ̀sì mẹ́fà á tò sẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí TransMilenio, ètò bọ́ọ̀sì ìlú Bogotá ní Colombia, bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ìdènà gidi ni wọ́n fi ya ọ̀nà bọ́ọ̀sì sọ́tọ̀, kì í ṣe ọ̀dà lásán.

Oníṣẹ́ Òru:
Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ aago méjìlá òru ni mo ń ṣíwọ́. Bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ti lọ láago mọ́kànlá. Òru ni mo torí ẹ̀ ra mọ́tò. Ìgbà tó sì ti wà nílẹ̀, mo ń gbé e jáde lọ́sàn-án náà.