Ṣé kọntírólà kẹ̀kẹ́ oníná 36V lè gba bátìrì 48V?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ oníbátìrì. Ìbàdàn ni mo wà. Bátìrì tèmi jẹ́ 36V. Tó bá kún, mítà máa ń ka 42V. Ojú títì tó tẹ́ ò dà á láàmú, àmọ́ tá a bá ti ń gun Òkè Màpó, ńṣe ló máa ń mí hẹlẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé 48V sí i.

Mo ti tú kọntírólà, ìyẹn àpótí tó ń darí iná láti inú bátìrì lọ sí mọ́tò, wò. 63V ni wọ́n kọ sára kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀), ìyẹn ni òpin iná tó lè gbà, bẹ́ẹ̀ bátìrì 48V tó kún ò ju 54.6V lọ, torí náà ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Àwọn MOSFET, ìyẹn àwọn súìṣì kéékèèké tó ń tan iná mọ́tò tó sì ń pa á, ni mi ò rí nọ́ńbà wọn kà, nǹkan funfun kan ti bò wọ́n mọ́ ara irin. Ṣé wọ́n á gbà á? Àbí kọntírólà á kàn kọ̀, kò ní tan rárá?

Ríwáyà àdúgbò wa ní kí n ṣáà so ó, ká wò ó. Owó tiẹ̀ kọ́!

Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló kọ́kọ́ jó?