Ohun tí ojú mi rí nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé pátákó wá síbi iṣẹ́ wa

Abẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ iná gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn wá síwájú ilé ìwé tí a ń kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó náà pé owó tí ọ̀gá wa ń san kéré sí iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lágbègbè náà. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Èmi tí mò ń gba owó náà mọ̀ pé kò sí owó ìfẹ̀yìntì kankan lórí rẹ̀.

Awakọ̀ tó gbé kọnkéré dé rí pátákó, kò fẹ́ kọjá níwájú àwọn tó gbé e, ó sì yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Kò pẹ́ tí agbaṣẹ́ṣe àgbà fi ya géètì sọ́tọ̀, ọ̀kan fún àwa àti àwọn tó ń kó ẹrù wa wá, èkejì fún àwọn yòókù. Òfin Taft-Hartley ti ọdún 1947, òfin Amẹ́ríkà lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ló bí ètò yìí, nítorí ó kà á léèwọ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti fa agbanisíṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kò kàn wọnú ìjà wọn. Ní ọdún 1951, nínú ẹjọ́ kan tó ti ìlú Denver wá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì sọ pé agbaṣẹ́ṣe àgbà àti èyí tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe agbanisíṣẹ́ kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ wà lórí ilẹ̀ kan. Géètì tiwa nìkan ni àwọn onípátákó wá ń dúró sí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nínú wa bá gba géètì kejì wọlé, ètò náà bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n sì lè tẹ̀ lé wa débẹ̀, ìdí tí ọ̀gá fi ń ṣọ́ ẹsẹ̀ wa láràárọ̀ nìyí.

Ó dùn mí pé àwọn kan nínú wọn ń pè wá ní ọ̀dàlẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè wá rí pé kí a wá darapọ̀. Mo gbà pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti dúró níbẹ̀. N kò gbà pé ó yẹ kí wọ́n máa bú ẹni tó ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Obìnrin kan láàárín wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fún mi ní ìwé tí wọ́n kọ owó ọ̀yà wọn, ètò ìlera àti ètò ìkọ́ṣẹ́ sí, ó ní kí n lọ kà á nílé. Ìwé yẹn ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jókòó tì, òun ló sì mú mi wọ ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí. Ní ìpàdé wa báyìí, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ kí a tó gbé pátákó jáde.