Ẹ jẹ́ ká fi "ìlàkú" sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ọ̀yọ́ dábàá pé ká máa pe pọ́òsìmọ́tẹ̀mù, ìyẹn àyẹ̀wò tí dókítà ń ṣe sára òkú láti mọ ohun tó pa á, ní "ìlàkú", torí pé wọ́n ń la òkú. Mo tọrọ gáfárà, etí mi ò gbà á. La pẹ̀lú òkú, "ìlòkú" ni yóò fún wa. Ikú ni mo gbọ́ nínú "ìlàkú", ẹni tó bá sì la ikú já, ó yè nìyẹn! Ẹni tó wà ní mọ́ṣúárì kọ́.

Lílà nìkan kọ́ niṣẹ́ ọ̀hún pàápàá. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ara látòkè délẹ̀, wọ́n á gbé ọkàn àti ẹ̀dọ̀ sórí ìwọ̀n, wọ́n á sì rán an padà. Alápatà kì í rán ẹran. (Ẹni tó ní Yorùbá kì í fọ̀bẹ kan òkú, ṣé tòun toyún ni wọ́n ń sin aboyún láyé àtijọ́ ni?)

"Àyẹ̀wò òkú" tó mí lọ́rùn. Àmọ́ oríṣi méjì ló bò mọ́lẹ̀. Bí dókítà bá kàn fẹ́ mọ àìsàn tó pa èèyàn, ó gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹbí. Bó bá jẹ́ ikú òjijì, ìjàǹbá ọkọ̀, májèlé tàbí ìpànìyàn, adájọ́ tó ń wádìí ikú ló ń pàṣẹ. N ò kọ "kọ́rónà" tí òyìnbó ń pe adájọ́ yẹn o, àìsàn ọdún 2020 lẹ máa rò.

Àwọn ọmọ mẹ́ta tó ń kọ́ ìṣègùn òyìnbó yá yàrá lágbàlá wa níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, a ń mu ògì, mo bi wọ́n nípa àyẹ̀wò òkú. Ọ̀kan ní ṣebí ohun tí àwọn ń ṣe ní kíláàsì ànátómì náà ni. Èkejì já lù ú: fọ́málínì, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà, ni wọ́n fi tọ́jú òkú tibẹ̀, wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ni, kò sẹ́ni tó ń wádìí ohun tó pa á. Àlàyé rẹ̀ yè kooro. Mo ní, "Bó bá wá jẹ́ bàbá rẹ ńkọ́?" Ó ń fi ṣíbí ro ògì kiri. "Háà, bàbá! Ẹbí ò ní gbà." Mo ní bí adájọ́ bá pàṣẹ ńkọ́? Kò mọ̀ pé wọn ò ní bi ẹbí.

Ohun tí mo fi dábàá "àyẹ̀wò òkú àfìyọ̀ǹdaṣe" àti "àyẹ̀wò òkú àfàṣẹṣe" nìyẹn. Ọmọ náà pe "àfàṣẹṣe" lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó gùn, àmọ́ òun gbọ́ àṣẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀, kó mú un wá.