Báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí èlé owó mi máa bí èlé?

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́ tó mọ̀ nípa owó, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá lórí ₦500,000 tí mi ò ní nílò fún ọdún márùn-ún.

Bí báńkì bá ń san èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, tí mo sì ń ná èlé náà bó ṣe ń wọlé, ₦250,000 ni gbogbo èlé tí n óò rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń fi í kún ojú owó, àpapọ̀ ojú owó àti èlé rẹ̀ yóò di ₦805,255. Kí n má purọ́, mo rò pé ìyàtọ̀ náà yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jọ pé ọjọ́ pípẹ́ ni èlé orí èlé ń fẹ́, nítorí pé ní ọdún kẹwàá, owó kan náà yóò ti lé ní ₦1,296,000.

Ibi tí ó ti rú mi lójú ni bọ́ǹdù ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀ (ìwé tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ ará ìlú) tí DMO, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, ń tà, èyí tí ènìyàn lè fi ₦5,000 bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé rẹ̀ sínú àkáǹtì ẹni, nítorí náà kò lè bí èlé mìíràn àfi bí a bá tún fi ṣòwò. Ṣé kí n máa kó èlé yẹn jọ ra bọ́ǹdù mìíràn ni, àbí kí n gbé gbogbo owó náà sí báńkì tí yóò máa fi èlé kún ojú owó fúnra rẹ̀? Èwo nínú méjèèjì ni ọ̀wọ́n gógó ọjà kò ní tètè jẹ run?