Ìda oyin mélòó ni kí n fi sí òrí kó má yọ́ nínú ooru Àbújá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìpara, ẹ gbà mí. Kubwa ni mo wà, òrí ni mò ń tà, ìpínlẹ̀ Niger ni wọ́n ti ń gbé e wá fún mi, màá yọ́ ọ, màá sẹ́ ẹ, màá wá rọ ọ́ sínú ike kéékèèké. Ike yẹn ló sú mi o, ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn kọ́sítọ́mà ń lò ó, gọ́tà ló ń bọ́ sí.

Mo lo bébà, òróró rin ín gbindin. Ewé ń ya tí ọyẹ́ bá dé. Agolo dáa, mo ní ẹni tó bá dá a padà á gba ẹ̀dínwó, àwọn tó wà nítòsí ń dá a padà, àmọ́ àwọn tí mò ń fi ọjà ránṣẹ́ sí ní Kàdúná ńkọ́, ta ló fẹ́ san owó mọ́tò torí agolo òfìfo?

Ni mo bá ní kó kúkú le bí ọṣẹ, kí n fi bébà wé e. Òrí nìkan ò lè dúró, tó bá ti di oṣù kẹta tí ooru kọjá 35°C, ó ti ń yọ́ nìyẹn. Ìda oyin ní tiẹ̀ kì í yọ́ títí á fi kọjá 60°C, mo dà á mọ́ ọn, àkọ́kọ́ ṣì rọ̀, èkejì le bí àbẹ́là, kò ṣeé fi para rárá.

Ẹni tó ti ṣe é rí l'Óké Ọya níbí, gíráàmù ìda mélòó ni kí n fi sí kílò òrí kan kó má yọ́ nínú mọ́tò, kó sì ṣì ṣeé fi para?