Ẹ̀yin ará wa ní Toronto, ẹ bá wa wá ẹgbẹ́ họ́kì alájòókòó
Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Àkúrẹ́ la ti ń kọ̀wé. Ọmọkùnrin ọdún 14 kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lóṣù kẹsàn-án. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún, àmọ́ apá rẹ̀ le dáadáa. Họ́kì orí yìnyín alájòókòó ló wù ú, èyí tó ti wà nínú Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn aláàbọ̀ ara, láti 1994.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ wo ló ń gba ọmọ tí kò gbá a rí? Ṣé wọ́n máa ń yáni ní sled, ìyẹn ìjókòó onírin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, àbí rírà ni?

Ìjókòó sled yìí ló ká wa lára jù. Tó bá fi lè fẹ̀ ju ìbàdí ọmọ lọ, ara rẹ̀ á máa yọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú rẹ̀, kò sì ní lè darí i. Ẹni tó máa fi téépù wọn ìbàdí rẹ̀ kó tó jókòó la ń wá. Irin pẹlẹbẹ méjì tó wà lábẹ́ sled náà ńkọ́? Ó yẹ kí wọ́n jìnnà síra díẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kó má baà máa ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá mọ́ ọn lára tán, wọ́n á sún wọn mọ́ra kó lè tètè yí.

Ṣé ẹnu ọ̀nà tó wọ orí yìnyín tẹ́jú, àbí gbígbé ni wọ́n á máa gbé e kọjá? Ẹ sọ iye owó sáà kan fún wa pẹ̀lú.