Kí ló yẹ ká máa pe mean, median àti mode ní Yorùbá?

Olùkọ́ Èbúté-Mẹ́ta:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi ń ronú kí wọ́n tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a dé orí ẹ̀kọ́ dátà, mo pe mean ní "àárín", mo tún pe median ní "àárín", ni ọmọ kan bá bi mí pé, "Tíṣà, àárín mélòó ló wà?" N kò rí èsì fún un, ó sì ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wo lẹ̀ ń lò, tí ọmọ yóò fi mọ ìyàtọ̀ wọn láìjẹ́ pé ó há a sórí lásán?

Bàbá Ojúẹlẹ́gba:
Tíṣà, ọmọ yẹn gbọ́n. Ìpíndọ́gba ni mo máa ń pe mean, nítorí pé a ó kó gbogbo iye jọ, a ó sì pín in lọ́gbọọgba bí ìgbà tí wọ́n ń pín ẹran iléyá. Agbedeméjì ni median: a ó to iye láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, a ó sì mú èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn. Bí ó bá jẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, a ó mú ìpíndọ́gba àwọn méjèèjì. Mode ni "èyí tó wọ́pọ̀ jù", kò nílò orúkọ mìíràn.

Ẹ wo owó ọkọ̀ tí mo san lọ sí CMS fún ọjọ́ méje: ₦600, ₦700, ₦600, ₦2,800, ₦800, ₦600, ₦900. Òjò ló fa ₦2,800 yẹn. Kò sí dánfó, mo wá wọ takisí. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦7,000, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,000, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà nínú méje ni mo san ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀! ₦700 ni agbedeméjì, ₦600 ló wọ́pọ̀ jù. Bí àlejò bá bi mí ní iye owó ọkọ̀, ₦700 ni n ó sọ fún un. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ṣírò owó tí n ó yà sọ́tọ̀ fún oṣù kan, ìpíndọ́gba ni n ó lò, nítorí òjò á tún rọ̀.

Atẹ̀wé Ṣómólú:
Bàbá ti sọ ọ́ dáadáa. Ní ti àwòrán, àtẹ ọ̀pá ni mo ń pe bar chart. William Playfair, ọmọ Scotland, tẹ irú rẹ̀ jáde lọ́dún 1786. Ọ̀pá kan fún gààrí, ọ̀kan fún ẹ̀wà, àlàfo sì wà láàrin wọn, nítorí pé ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nínú histogram, nọ́ńbà tó tẹ̀ léra ni, irú bí ọjọ́ orí tàbí gíga ènìyàn, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀pá rẹ̀ fi ń fara kanra. Pie chart ni àtẹ róbótó: bí ọmọ 10 nínú 40 bá ń fẹsẹ̀ rìn wá síléèwé, ìdá mẹ́rin róbótó náà ni tiwọn, ìyẹn dígírì 90 nínú 360.

Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa wo ìsàlẹ̀ ọ̀pá o. Oníbàárà kan gbé àtẹ wá fún mi tẹ̀, orí 90 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ dípò òdo, ni ọ̀pá 100 bá ga ní ìlọ́po méjì ọ̀pá 95. Mo ní kí ó jẹ́ kí n tún un yà, ó kọ̀, n kò sì tẹ̀ ẹ́.

Olùkọ́ Èbúté-Mẹ́ta:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lọ́la, owó ọkọ̀ tiwọn ni n ó ní kí wọ́n kọ wá. Frequency wá ńkọ́?

Bàbá Ojúẹlẹ́gba:
"Iye ìgbà" ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí iye kan bá wáyé, kí wọ́n sì fi ìkarùn-ún dábùú mẹ́rin ìṣáájú, kí kíkà rẹ̀ lè yá.